Kí Kọ̀ǹpútà Tó Lè Tẹ̀lé Eku: Iṣẹ́ Tó Wà Ṣáájú Sọfítíwíà

  Ẹ̀yin tí ẹ máa ń kà á dípò kí ẹ wò ó, ẹ kú ìkàwé o. Ohun tí mo sọ nínú fídíò náà ló wà níbí.

Ọ̀rọ̀ tòní kan ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní yunifásítì níbí ní ìlú ọba, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ nípa ẹranko, nípa ọpọlọ, nípa oògùn tàbí nípa ìwà ẹ̀dá. Tó bá yá, wọ́n á ní kí ẹ ṣe iṣẹ́ ìwádìí ọdún ìkẹyìn. Ọ̀gá yín lè sọ pé, "Kámẹ́rà nìyí, eku nìyí, sọfítíwíà nìyí, máa bá iṣẹ́ lọ." Ọ̀pọ̀ ló máa ń sáré lọ sídìí sọfítíwíà lójú ẹsẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú kúrò níbí lónìí ni pé ìdajì iṣẹ́ náà ti parí, bóyá ó dára ni o, bóyá ó bàjẹ́ ni o, kí ẹ tó tan sọfítíwíà rárá. Àwọn àgbà ní ojú tó máa báni kalẹ́ kì í tàárọ̀ ṣepin. Kámẹ́rà ni ojú iṣẹ́ yìí. Bó bá ti ṣepin láàárọ̀, kò sí sọfítíwíà tó lè nu ún kúrò lálẹ́.

Kí ni títẹ̀lé ẹranko?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ẹranko kò lè sọ fún wa pé ẹ̀rù ń ba òun, pé ara òun ti yá, tàbí pé òun ti gbàgbé ọ̀nà. Ìṣesí rẹ̀ la fi ń mọ̀. Ní ọdún 1934, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Calvin Hall kọ̀wé nípa bí òun ṣe gbé eku sí ibi gbalasa kan tí iná tàn sí kedere, tí òun sì ń wo ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Ìdánwò yẹn ni wọ́n ń pè ní open field títí dòní.

Èrò tó wà nídìí rẹ̀ kò ṣòro. Eku tí ẹ̀rù ń bà máa ń rọ̀ mọ́ ògiri. Kì í fẹ́ jáde sí àárín, nítorí pé nínú oko, gbangba ni àṣá ti ń gbé e. Eku tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀ máa ń jáde wá wo àárín. Nítorí náà, bí ẹ bá fún ẹgbẹ́ eku kan ní oògùn tó ń dín ìbẹ̀rù kù, tí ẹ kò fún ẹgbẹ́ kejì, ẹ lè fi wọ́n wéra. Àwọn wo ló pẹ́ jù láàárín? Àwọn wo ló rìn jù?

Láyé ìgbà yẹn, ojú àti aago ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n á fa ìlà sí ilẹ̀ àpótí, wọ́n á máa ka iye ìgbà tí eku kọjá ìlà. Ó máa ń rẹni. Ènìyàn méjì tó jọ ń wo eku kan náà sì lè ka iye tó yàtọ̀ síra. Ẹ tún wò ó báyìí: fídíò kò ju àwòrán tó ń tẹ̀lé ara wọn kíákíá lọ. Bí kámẹ́rà yín bá ń ya àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, fídíò ìṣẹ́jú 10 jẹ́ àwòrán 18,000. Ta ló máa jókòó wo ìyẹn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan fún eku 40?

Ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ti wúlò. Á wo àwòrán kọ̀ọ̀kan, á sì kọ ibi tí eku wà sílẹ̀: nọ́ńbà kan fún òsì sí ọ̀tún, nọ́ńbà kan fún òkè sí ìsàlẹ̀. Àkójọ nọ́ńbà wọ̀nyẹn ni ipa ẹsẹ̀ eku náà. Iye mítà tó rìn, bó ṣe yára tó, bó ṣe pẹ́ tó láàárín, inú nọ́ńbà wọ̀nyẹn la ti ń ṣírò gbogbo rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé eku ni. Kò mọ ohun tó ń jẹ́ ìbẹ̀rù. Ẹ̀yin lẹ máa sọ ohun tí nọ́ńbà náà túmọ̀ sí.

Kí ló dé tó fi gba ìṣọ́ra tó bẹ́ẹ̀?

Mo mọ̀ pé inú àwọn kan nínú yín kò dùn sí fífi ẹranko ṣe ìwádìí. Ọ̀rọ̀ náà wúwo lóòótọ́. Ní ìlú ọba níbí, òfin kan wà láti ọdún 1986 tó ń darí irú iṣẹ́ yìí. Bí ìdánwò bá lè ni ẹranko lára tàbí kó kó ìrora bá a, ó gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba: ìwé àṣẹ fún ẹni tó ń ṣe é, fún iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, àti fún ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Ṣáájú òfin yẹn, ní ọdún 1959, William Russell àti Rex Burch ti gbé ìlànà mẹ́ta kalẹ̀ nínú ìwé wọn. Bí ohun mìíràn bá wà tó lè rọ́pò ẹranko, ìyẹn ni kí ẹ lò. Bí kò bá sí, ẹ lo ẹranko tó kéré jù lọ tó lè tó iṣẹ́ náà. Èyí tí ẹ bá sì lò, ẹ má jẹ́ kó jìyà ju bó ti yẹ lọ.

Ibo ni kámẹ́rà ti wọ ọ̀rọ̀ yìí? Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ìgbà àkọ́kọ́ tí eku wọ àpótí yẹn, àjèjì ló jẹ́ níbẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ti mọ ibẹ̀, kò sì ní ṣe bíi ti àkọ́kọ́ mọ́. Ìdánwò náà kò ṣe é tún gbé kaná bí ọbẹ̀ àná. Bí fídíò bá ṣú, tàbí tí kámẹ́rà gé igun àpótí kan kúrò, eku yẹn ti lọ lásán nìyẹn. Ẹ ó ní láti mú òmíràn. Ohun kejì ni pé bí nọ́ńbà yín bá purọ́, ẹnì kan lè gbà pé oògùn kan ń ṣiṣẹ́ nígbà tí kò ṣiṣẹ́. Àwọn mìíràn á tún máa lo owó àti ẹranko láti tọ ipa irọ́ yẹn. Aláìsàn tó ń retí ìwòsàn ló máa san gbèsè rẹ̀ níkẹyìn.

Ẹ kọ ìbéèrè yín sílẹ̀ ná

Kí ẹ tó fọwọ́ kan kámẹ́rà, ẹ mú ìwé. Ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ kà. Kí ni ẹ ó máa pè ní "àárín"? Bí àpótí bá jẹ́ 40 sẹ̀ǹtímítà ní ìbú àti ní gígùn, ṣé àárín jẹ́ 20 sí 20 ni, àbí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ? Kí ni ẹ ó máa pè ní "ó dúró"? Fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kí ẹ tó kà á? Ẹ kọ ọ́ ṣáájú, nítorí pé bí ẹ bá dúró di ìgbà tí nọ́ńbà ti jáde, ọkàn yín á máa tì yín láti yan ìlà tó máa mú kí èsì yín dára.

Ìbéèrè yín náà ló máa sọ ibi tí kámẹ́rà yóò wà. Bó bá jẹ́ pé ibi tí eku wà nìkan lẹ fẹ́ mọ̀, ojú kan lára rẹ̀ ti tó, kámẹ́rà á sì wà lókè tààrà. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ mọ ìgbà tó fẹsẹ̀ ẹ̀yìn dìde dúró, kámẹ́rà òkè kò ní fi bẹ́ẹ̀ rí i. Ẹ̀gbẹ́ la ti ń rí ìyẹn dáadáa.

Kámẹ́rà

Ẹ so ó mọ́ òkè gírígírí, kó dojú kọ àárín àpótí tààrà. Ẹ má gbé e sórí pẹpẹ tí ènìyàn lè fi èjìká gbá. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àpótí gbọ́dọ̀ hàn, àpótí náà sì gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kún àwòrán. Bí ó bá kéré láàárín àwòrán ńlá, eku yín á kàn dà bí ẹyọ àmì dúdú kan. Ẹ ṣọ́ra fún lẹ́ńsì tó ń rí ibi gbogbo lẹ́ẹ̀kan, nítorí pé ó máa ń tẹ ẹ̀gbẹ́ àwòrán. Ìlà tó gún á rí bí ọrun. Ìṣísẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kò ní dọ́gba mọ́ pẹ̀lú ìṣísẹ̀ kan náà láàárín.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ibi tí kámẹ́rà ti ń fúnra rẹ̀ tún nǹkan ṣe, kí ẹ sì pa á. Kámẹ́rà máa ń fúnra rẹ̀ yan bí àwòrán ṣe máa mọ́lẹ̀ tó. Bí eku dúdú bá sáré wọ àárín, á rò pé ibẹ̀ ti ṣókùnkùn, á sì mú gbogbo àwòrán mọ́lẹ̀ sí i. Lójú kọ̀ǹpútà, gbogbo àpótí ló yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ojú kámẹ́rà tó ń wá ibi tó máa tẹjú mọ́. Ẹ yan èyí tó dára lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tì í mọ́bẹ̀.

Ẹ̀yin tó fẹ́ lo fóònù, ẹ mọ èyí: ọ̀pọ̀ fóònù kì í ya iye àwòrán kan náà ní gbogbo ìṣẹ́jú-àáyá. Nígbà tí iná bá kéré, ó lè dín in kù. Bí sọfítíwíà bá rò pé 30 ni, tó sì jẹ́ pé 24 ni fóònù yà, àkókò yín ti ṣìnà. Ẹ wá ètò tó máa jẹ́ kí iye náà dúró ní ojú kan.

Iná

Iná gbọ́dọ̀ tàn dọ́gba káàkiri. Bí iná kan bá ti ẹ̀gbẹ́ kan wá, ògiri á sọ òjìji sílẹ̀, òjìji eku pàápàá á sì máa tẹ̀lé e bí eku kejì. Bí ògiri àpótí bá ń dán, eku mìíràn á tún hàn nínú ògiri bíi ti dígí. Gbogbo ìyẹn ni kọ̀ǹpútà lè kà mọ́ ọn.

Àwọ̀ ilẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Eku tí wọ́n ń lò jù ní yàrá ìwádìí, èyí tí wọ́n ń pè ní C57BL/6, dúdú ni. Ẹ gbé e sórí ilẹ̀ funfun tí kò dán. Èyí tí wọ́n ń pè ní BALB/c, funfun ni. Ilẹ̀ dúdú ló yẹ ẹ́.

Àmọ́ ẹ rántí pé iná kì í ṣe ti kámẹ́rà nìkan. Ẹranko alẹ́ ni eku. Iná tó pọ̀ á dẹ́rù bà á, iná tó kéré á fún un láyà. Bí iná àárọ̀ bá yàtọ̀ sí tìrọ̀lẹ́, ẹ ti ṣe ìdánwò méjì láìmọ̀. Bó bá jẹ́ inú òkùnkùn lẹ fẹ́ ṣe é, iná infrared wà tí ojú eku kì í rí, ṣùgbọ́n kámẹ́rà tí wọ́n ṣe fún un ń rí i. Ẹ wò ó dájú pé tiyín ń rí i, nítorí pé àwọn kámẹ́rà lásán máa ń ní ohun tó ń dí irú iná yẹn.

Ìwọ̀n

Kọ̀ǹpútà kò mọ sẹ̀ǹtímítà. Àmì tín-tìn-tín tí àwòrán kún fún, èyí tí wọ́n ń pè ní pixel, nìkan ló mọ̀. Ẹ̀yin lẹ máa sọ fún un pé pixel mélòó ló wà nínú sẹ̀ǹtímítà kan. Bí ìbú àpótí bá jẹ́ 40 sẹ̀ǹtímítà, tí ó sì gba pixel 800 nínú àwòrán, pixel 20 ni sẹ̀ǹtímítà kan. Bí àpótí yín bá jẹ́ 50, tí ẹ wá tẹ 40 sínú sọfítíwíà, gbogbo eku yín á pàdánù ìdá kan nínú márùn-ún ìrìn tí wọ́n rìn, kò sì sí ohunkóhun lórí ojú kọ̀ǹpútà tó máa kìlọ̀ fún yín.

Nítorí náà, láràárọ̀, kí eku àkọ́kọ́ tó wọlé, ẹ gbé rúlà sílẹ̀ nínú àpótí kí ẹ sì ya á. Bí ẹnikẹ́ni bá fara kan kámẹ́rà, ẹ tún un yà.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe kí ẹ tó mú ẹranko kankan. Ẹ wá ìbọ̀sẹ̀ dúdú kékeré kan, ẹ ká a bí eku, ẹ so okùn mọ́ ọn, kí ẹ wọ́ ọ lọ láti ògiri kan sí èkejì lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ẹ mọ iye tó rìn: 40 sẹ̀ǹtímítà lọ́nà 10, mítà 4. Ẹ fi fídíò yẹn sínú sọfítíwíà. Bó bá sọ mítà 4 tàbí ohun tó sún mọ́ ọn, ètò yín dára. Bó bá sọ mítà 7, ẹ ti rí ìṣòro láìfi eku kankan ṣòfò. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń pa ìlànà Russell àti Burch mọ́ lọ́nà tó rọrùn.

Lọ́jọ́ ìdánwò gan-an, ẹ gbé àwọn eku wá sí yàrá náà ṣáájú kí ara wọn lè silẹ̀. Ẹ fi ọtí spirit nu àpótí lẹ́yìn eku kọ̀ọ̀kan, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ, torí pé òórùn eku àkọ́kọ́ máa ń sọ̀rọ̀ fún ìkejì. Ẹ má ṣe gbogbo eku tó gba oògùn láàárọ̀ kí ẹ wá ṣe àwọn yòókù nírọ̀lẹ́. Ẹ pò wọ́n pọ̀. Orúkọ fáìlì sì rèé: ẹ má kọ "olóògùn" sára rẹ̀. Ẹ fi kóòdù sí i, kí ẹni tó ń wo fídíò má mọ ẹgbẹ́ tí eku ti wá títí ìṣírò yóò fi parí.

Ó wá kan sọfítíwíà

Ọ̀nà méjì ni kọ̀ǹpútà máa ń gbà rí ẹranko. Ọ̀nà àkọ́kọ́ dà bí ìyọkúrò nínú ìṣirò. Ẹ fún un ní àwòrán àpótí tó ṣófo. Á yọ ọ́ kúrò nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan, ohun tó bá ṣẹ́ kù ni eku. Á wá wá àárín ohun náà. Ó yára, kò nílò kọ̀ǹpútà olówó ńlá, ó sì tó fún ìdánwò open field. EthoVision tí ilé-iṣẹ́ Noldus ní Netherlands ń tà wà nínú irú èyí láti ọjọ́ pípẹ́, ọ̀pọ̀ yunifásítì ló sì ti rà á. Bí tiyín kò bá ní in, ezTrack wà, ọ̀fẹ́ ni, ọdún 2019 ni wọ́n kọ̀wé nípa rẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni pé ẹ ó kọ́ kọ̀ǹpútà bí a ṣe ń kọ́ ọmọdé: imú rèé, etí rèé, ìdí ìrù rèé. DeepLabCut ló gbajúmọ̀ jù nínú rẹ̀. Mackenzie Mathis àti Alexander Mathis pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ló gbé e jáde ní ọdún 2018, ọ̀fẹ́ sì ni. Ohun tó ya àwọn ènìyàn lẹ́nu nígbà yẹn ni pé kọ̀ǹpútà kò nílò ẹgbẹẹgbẹ̀rún àpẹẹrẹ. Nǹkan bí àwòrán 200 tí ènìyàn fọwọ́ sàmì sí lè tó. Ìdí ni pé ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí wọ́n lò ti kọ́kọ́ kọ́ bí a ṣe ń dá àwòrán oríṣiríṣi nǹkan mọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ eku.

Bí ẹranko yín bá pọ̀ nínú àpótí kan, SLEAP wà fún ìyẹn. Fún ẹja tó ń lúwẹ̀ẹ́ pọ̀, idtracker.ai wà, tó lè ya ẹja tó tó 100 sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bó bá sì jẹ́ pé ìwà tí ojú ènìyàn nìkan lè dá mọ̀ lẹ fẹ́ kà, BORIS láti yunifásítì Torino ní Ítálì á jẹ́ kí ẹ máa wo fídíò kí ẹ sì máa tẹ bọ́tìnnì nígbàkigbà tí ìwà náà bá ṣẹlẹ̀. Ẹ má fi ìbọn pa eṣinṣin. Bí ìyọkúrò lásán bá tó ìbéèrè yín, ẹ lo ìyọkúrò.

Ká ní DeepLabCut lẹ fẹ́ lò, bí iṣẹ́ ṣe ń lọ rèé. Ẹ ó dá iṣẹ́ tuntun sílẹ̀, fódà kan á sì ṣí fún un. Nínú rẹ̀, fáìlì kan wà tó ń jẹ́ config.yaml. Ibẹ̀ lẹ ti máa kọ orúkọ ẹ̀yà ara tí ẹ fẹ́ tẹ̀lé. Ẹ má kọ ogún nígbà tí mẹ́rin bá tó. Lẹ́yìn ìyẹn, sọfítíwíà á yan àwòrán tó yàtọ̀ síra látinú fídíò. Ẹ má fi fídíò kan ṣoṣo kọ́ ọ. Ẹ mú láti ara eku púpọ̀, ọjọ́ púpọ̀, kékeré àti ńlá. Ọmọ tó bá rí ajá kan ṣoṣo rí lè rò pé gbogbo ajá ló ní àwọ̀ yẹn.

Ó wá kan àmì fífi sí. Èyí ni ibi tó gba sùúrù. Bí ẹ bá fi àmì sí orí imú gan-an lónìí, ẹ má fi sí ẹ̀gbẹ́ imú lọ́la. Bí ìrù bá bo ẹ̀yà kan tí ẹ kò rí i, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ má méfò. Lẹ́yìn náà, kọ̀ǹpútà á kẹ́kọ̀ọ́. Ó lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí, ó sì nílò káàdì tí wọ́n ń pè ní GPU. Ẹni tí kò bá ní in lè lo Google Colab lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó bá parí, sọfítíwíà á dán an wò lórí àwòrán díẹ̀ tí kò tíì rí rí, á sì sọ bí àṣìṣe rẹ̀ ṣe tó. Bó bá ṣì ń ṣìnà níbì kan, ẹ mú àwòrán ibẹ̀, ẹ tún àmì rẹ̀ ṣe, kí ẹ tún un kọ́.

Eku tó sùn tó sì rin mítà mẹ́sàn-án

Nígbà tí èsì bá jáde, ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan á ní nọ́ńbà mẹ́ta nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan: méjì fún ibi tó wà, ẹ̀kẹta láàárín 0 sí 1. Ẹ̀kẹta yẹn ni bó ṣe dá kọ̀ǹpútà lójú tó. Bó bá sún mọ́ 1, ó dá a lójú. Bó bá jẹ́ 0.2, ó ń méfò ni. Ìlà tí DeepLabCut fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ fà sílẹ̀ ni 0.6. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ohun tó ń méfò wọ inú ìṣirò yín.

Ṣùgbọ́n èyí tó dá a lójú pàápàá kì í dúró jẹ́ẹ́. Àmì náà máa ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní eku sùn sí igun kan fún ìṣẹ́jú 10, kò mira rárá. Ká ní àmì náà ń yẹ̀ ní pixel 1 péré láti àwòrán kan sí èkejì. Àwòrán 18,000 ló wà, nítorí náà pixel 18,000. Pixel 20 ni sẹ̀ǹtímítà kan. Ẹ pín in: 900 sẹ̀ǹtímítà. Mítà 9! Eku sùn, kọ̀ǹpútà ní ó ti rìn gba inú pálọ̀ kọjá. Bí oògùn yín bá ń mú eku sùn, ìgbọ̀nrìrì yìí ló máa bo iṣẹ́ oògùn náà mọ́lẹ̀.

Àtúnṣe wà. Sọfítíwíà lè mú ipa náà jọ̀lọ̀, nípa wíwo àwọn àwòrán tó wà ṣáájú àti lẹ́yìn. Ẹ tún lè sọ pé ìyẹ̀ tí kò bá tó ìwọ̀n kan, ẹ kò ní kà á sí ìrìn. Ìwọ̀n yòówù kí ẹ yàn, kan náà ni kó jẹ́ fún gbogbo eku, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ yín. Ẹ tún wá ìfò tí kò ṣeé ṣe. Bí eku bá wà ní igun kan, tí àwòrán tó tẹ̀ lé e sì sọ pé ó ti wà ní 30 sẹ̀ǹtímítà sí ibẹ̀, mítà 9 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan nìyẹn. Kò sí eku tó ń sáré bẹ́ẹ̀. Àmì ló fò.

Ẹ fi ojú ara yín wò ó

Ohun ìkẹyìn ni èyí tí àwọn ènìyàn máa ń fò jù. Ẹ mú fídíò bíi márùn-ún láìṣà wọ́n. Ẹ jókòó pẹ̀lú aago ọwọ́, ẹ wo eku náà, kí ẹ ka bó ṣe pẹ́ tó láàárín. Ẹ fi wé ohun tí kọ̀ǹpútà sọ. Bí wọ́n bá bára mu, ọkàn yín á balẹ̀. Bí wọn ò bá bára mu, ẹ ti rí i kí ẹnikẹ́ni tó bi yín. Ẹ kọ orúkọ sọfítíwíà àti nọ́ńbà ẹ̀dà rẹ̀ sílẹ̀, ẹ kọ gíga kámẹ́rà, ẹ kọ ìwọ̀n iná. Ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ lè ka ìwé yín kó sì tún iṣẹ́ náà ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì dé yàrá ìwádìí kankan, ẹ kò nílò eku láti kọ́ iṣẹ́ yìí. Èèrà tó ń rìn lórí páálí funfun ti tó. Ẹja inú dígí nílé, ológbò yín tó ń kọjá ní pálọ̀, gbogbo wọn ló dára fún ìdánrawò. Ẹ kàn máa wò wọ́n, ẹ má yọ wọ́n lẹ́nu.

Bí màmá àgbà bá sì bi yín lórí fóònù pé kí lẹ ń kọ́ gan-an ní òyìnbó, ẹ má sọ pé ó ṣòroó ṣàlàyé ní Yorùbá. Ẹ sọ fún wọn pé, "Mà, à ń ṣọ́ ìrìn eku ká lè mọ̀ bí oògùn kan bá ń ṣiṣẹ́." Wọ́n á yé e. Àwọn tó ń ṣọ́ eku lóko kí wọ́n tó dẹ pàkúté mọ̀ pé ẹni tí kò mọ ọ̀nà eku kò lè rí eku mú.

Ibi tí a máa dé dúró lónìí nìyẹn. Ẹ kọ ìbéèrè yín sísàlẹ̀, ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá bó ti wù kó rí, ẹ má wòye àmì ohùn. A ó tún pàdé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ máa tọ́jú ara yín. Ó dàbọ̀ o.